Ọdún Márùn-ún Tí Mo Fún Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka lẹ́tà mi yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò kọ irú rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí. Mi ò fẹ́ kí ará ìta mọ ohun tó wà nínú mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, mo ń rò ó pé ta ni yóò kà á lọ́jà Pobẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí tí yóò sì wí pé, "Háà, ìyá ọlọ́sàn yẹn mà nìyí!" Ẹ má bínú sí mi. A bí ìfura mọ́ mi ni. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti lo oògùn yẹn ju bó ti yẹ lọ. Òun ló sọ mí dà báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni èyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin, Dúrójayé, wá kí mi láti Sakété. Aránṣọ ni. Ó mú ọ̀rá dúdú kan dání. Ó tú u sórí tábìlì mi: bùbá funfun, ṣòkòtò funfun, fìlà funfun, ó ti lọ̀ wọ́n dáadáa. Mo rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo ní ó rẹwà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ máa wọ̀ fún mi nìyẹn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún márùn-ún wa pé. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa sáré wá aránṣọ kiri lọ́jọ́ náà."

Èèwọ̀! Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ ń dán, ó ń rán aṣọ òkú fún ara rẹ̀. Mo jókòó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ibi tó burú sí. Ẹni tó sọ fún un pé ọdún márùn-ún ló kù fún un láyé, èmi ni. Mo ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti mọ̀ pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwa méjì péré la kù nínú ọmọ ìyá wa. Towé ni oko bàbá wa wà. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe Dúró láti kékeré, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sì-ẹ́sì. Tó bá ti mú un, ọmọ náà á máa ké pé wọ́n ń fọ́ egungun òun. Èmi ni mo máa ń gbé e pọ̀n. Nítorí àìsàn náà, kò lè jókòó nílé ìwé, kò gbọ́ Faransé. Àmọ́ ó ń ka Yorùbá dáadáa, Bíbélì ló fi kọ́ ọ. Èmi ṣe é dé ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Faransé tèmi, Faransé ká rà ká tà ni.

Igi ọsàn ni mo ń lẹ̀ tà. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ló kọ́ mi. A máa ń gbin kóró ọsàn kíkan. Tó bá ti tó ìka ọwọ́, a ó la èèpo rẹ̀, a ó ki ojú ọsàn dídùn bọ̀ ọ́, a ó fi ọ̀rá dì í. Tó bá ti mú, a ó gé orí ọsàn kíkan yẹn sọnù. Dídùn á wá máa dàgbà lórí gbòǹgbò rẹ̀. Gíréfẹ̀ là ń pè é. Gbogbo ẹni tó ń ṣe é ní Pobẹ̀ ló mọ̀ pé igi gíréfẹ̀ ń tètè so, ọdún mẹ́ta ti tó. Àmọ́ kì í pẹ́ láyé bí èyí tó hù fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn aláàánú kan ló ràn wá lọ́wọ́ tí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá kan lókè òkun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó bá ti Dúró mu bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wa. Wọ́n ní àwọn máa gba irúgbìn ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun mi, àwọn máa fi sára rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè hù níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní gíréfẹ̀.

Ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí à ń ṣe sí orí ọsàn kíkan. Mo bi nọ́ọ̀sì kan bóyá wọ́n máa gé orí tèmi náà. Ó rò pé àwàdà ni. Mo gbà, nítorí àbúrò mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi: mo gbà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n fi Dúró sínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ojú gíláàsì la ti ń wo ara wa. Lọ́jọ́ kan, dókítà àgbà pè mí sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Faransé rẹ̀ ń sáré bí omi òjò. Mo ń mi orí. Ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò gbọ́. Àfi bó ṣe dédé sọ pé, "Ẹsipéráǹsì."

Mo dá orí mímì dúró.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé. Ẹsipéráǹsì ni orúkọ ọmọbìnrin tí Dúró fẹ́ fẹ́. Ọmọ Gùn ni, láti Àjàṣẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Sakété. Ó gbọ́ Faransé bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ọmọbìnrin tó dára, tó kàwé, kí ló rí lára ọmọkùnrin aláìsàn? Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ fa àga kúrò nídìí mi, wọ́n pín in. Mo mọ bí ojú ẹni tó ń retí ogún ṣe ń rí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Dókítà tún sọ ọ́: "Ẹsipéráǹsì dù fí." Mo ní nínú ara mi pé, báwo ni dókítà òkè òkun ṣe mọ Ẹsipéráǹsì wa? Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Mo gbìyànjú, mo fi Faransé mi tó ń tiro bi í pé, "Ẹsipéráǹsì ńkọ́?" Ó rò pé iye ọdún ni mò ń bèèrè. Ó na ìka márààrún sókè. Ó ní ọdún márùn-ún. Ó tún ṣàlàyé lọ gbọọrọ, mi ò gbọ́ èyí tó kù.

Kí n tó dìde lórí àga, mo ti parí ẹjọ́ náà nínú ara mi. Ọdún márùn-ún ló kù fún àbúrò mi. Ẹsipéráǹsì sì ti pe dókítà lórí fóònù ṣáájú wa láti mọ̀ ọ́n. Ó bá ọ̀rọ̀ ọsàn mu lójú mi. Igi gíréfẹ̀ kì í pẹ́.

Dúró bi mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, fóònù wà létí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n sọ?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ọdún márùn-ún tó. Mi ò rò pé n ó rí méjì." Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí n má sì tún dárúkọ rẹ̀ sí òun létí mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ máa kà á. Irọ́ ni. Ó ń kà á.

A padà sílé. Ara Dúró yá. Egungun kò ro ó mọ́. Ní ìjọ wa, wọ́n ní kí n dìde dúró, wọ́n kọrin fún mi, wọ́n ní arábìnrin tó fi ẹ̀jẹ̀ ra àbúrò rẹ̀ padà. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Ẹsipéráǹsì ń wá. Lọ́jọ́ kan ó mú okùn ìwọ̀n Dúró, ó fi wọn ojú fèrèsé. Ó ní aṣọ fèrèsé lòun fẹ́ kó rán. Mo ní ó ti ń wọn ilé. Lọ́jọ́ mìíràn a jọ lọ ya àgbàdo ní Towé, ó bi mí pé ibo gan-an ni ilẹ̀ bàbá wa parí sí. Mo ní ó dáa, ó ti kan ilẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe ni mò ń túmọ̀. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo ní ó mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Tó bá dákẹ́, mo ní ó ń ṣírò.

Ó di ọjọ́ kan, mo wọ tàsí dé Sakété, mo gun alùpùpù sẹ́mijáàn lọ bá a nílé. Mi ò jókòó. Mo ní, "Mo mọ̀ pé o ti bá dókítà sọ̀rọ̀. O fẹ́ jẹ ogún ẹni tí kò tíì kú." Ó ń wò mí. Ó ní, "Tàǹtí, dókítà wo? Ogún wo?" Mo ní kó má fi mí ṣe ọmọdé. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní òun kò bá dókítà kankan sọ̀rọ̀ rí. Mo já ẹsẹ̀ mi gbà, mo lọ.

Mo padà sọ fún Dúró pé ọmọbìnrin náà ti mọ iye ọdún, pé ó kàn ń dúró de ọjọ́ ni. Mo rò pé yóò bá mi jà. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó mọ̀ bí kò mọ̀, opó ni mo fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ dà." Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tú u sílẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹsipéráǹsì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Sakété, ó padà sí Àjàṣẹ́.

Títí di ibí yìí, ẹ lè ní òmùgọ̀ ni mí. Mo gbà. Èyí tó kàn ni ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tó pé ọdún méjì lẹ́yìn gíréfẹ̀ náà, mo mú Dúró lọ fún àyẹ̀wò ní Kútọnu, bí mo ṣe máa ń mú un lọ. Èmi ni mo máa ń bá a túmọ̀. Dókítà tuntun la bá lọ́jọ́ náà, obìnrin kan. Dúró wà níta níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Obìnrin náà ń wo ìwé rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì tún gbọ́ ọ: "ẹsipéráǹsì dù fí."

Mo fò dìde. Mo ní, "Ọmọbìnrin yẹn ti débí náà?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó rí i pé Faransé kò yé mi, ó bá yí i sí èdè Gùn. Gùn kò ṣòro fún mi. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ìrètí ni. Iye ọdún tí a lè máa retí pé ènìyàn yóò lò láyé, òun ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀." Mo ní, ọdún márùn-ún ńkọ́? Ó ní ọdún márùn-ún kì í ṣe òpin ọ̀nà. Ó ní ibi tí àwọn dókítà ti máa ń dúró wẹ̀yìn ni, kí wọ́n lè ka àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń kọjá rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ti la ọdún méjì àkọ́kọ́ já láìsí wàhálà, bíi ti Dúró, ọ̀nà sábà máa ń là fún un; ó kàn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀, kó máa ṣọ́ra fún ibà, kó má sì pa àyẹ̀wò jẹ. Ó ní òun kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣèlérí ọjọ́ orí. Àmọ́ ó ní ká lọ máa gbádùn ayé wa.

Mo jókòó bí àpò àgbàdo. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Ẹsipéráǹsì ní Sakété ń padà bọ̀ sí mi létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú tàsí, Dúró bi mí pé, "Kí ló wí?" Kì í bèèrè tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló bèèrè. Mo wojú fèrèsé. Mo ní, "Bákan náà ni."

Gbólóhùn kan péré. Ó ní, "Ó dáa." Ó fi orí lé mi léjìká, ó sùn títí a fi dé.

Kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Mo kọ́kọ́ ní ìtìjú ni. Oṣù méje péré ni Ẹsipéráǹsì ti lọ. Bí mo bá sọ òtítọ́, Dúró á sáré wá a lọ sí Àjàṣẹ́, á sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo tún ní mi ò gba dókítà obìnrin yẹn gbọ́, pé àwọn dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ aláìsàn lẹ́kún, pé èmi mọ gíréfẹ̀ jù ú lọ. Òtítọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin yẹn ti lọ, ọ̀dọ̀ mi ni Dúró ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. A jọ ń jẹun. Ilé mi kò dá páropáro mọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ló wà lára rẹ̀, gbòǹgbò mi ló ń dàgbà lé, kí ẹlòmíràn má wá ká a. Mo fún un ní ẹ̀jẹ̀, mo sì gba ọdún rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó fi ọdún náà ṣe. Kì í gba iṣẹ́ tó bá máa pẹ́. Kò wojú obìnrin kankan mọ́. Nígbà tí a ti Kútọnu dé, bóyá ẹ̀rí ọkàn mi ló ń dà mí láàmú, mo fún un ní igi ọsàn méjì tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀, pé kó gbìn wọ́n sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò jẹ ẹ́?" Ó kó wọn fún aládùúgbò. Ọsàn náà ti so lọ́dún yìí. Aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́.

Lóṣù tó kọjá mo rí Ẹsipéráǹsì ní ọjà Sakété, ó wá kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pọn ọmọ. Ó ti lọ́kọ. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Tàǹtí, ara Dúró ńkọ́?" Mo ní ara rẹ̀ le. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí. Nígbà tí Dúró lọ wẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo tú àpò oògùn rẹ̀ wò. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì gba òmíràn. Mo ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí la tún fẹ́ lọ yẹ̀ wò?" Ẹni tó bá ti gbà lọ́kàn pé ọjọ́ báyìí lòun máa kú, tó sì jáwọ́ nínú oògùn, ó lè kú lóòótọ́. Gbogbo ènìyàn á ní dókítà mà mọ̀ ọ́n o. Èmi nìkan ni n ó mọ̀ pé èmi ni mo pa á.

Ó ku nǹkan kan tí mi ò tíì sọ nípa aṣọ funfun yẹn. Dúró ní ọ̀sẹ̀ tí a ti Kútọnu dé lọ́jọ́sí, lẹ́yìn "Bákan náà ni" mi, ni òun ti rán an. Ó gbé e pamọ́. Láìpẹ́ yìí ló wọ̀ ọ́ wò, ó fún un láyà, kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó ti sanra jù ú lọ. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ yín yìí, alájẹkì ni!" Ọjà Pobẹ̀ níbí ló ti ra aṣọ náà. Ó ní kí n bá òun wá irú rẹ̀, ìdajì mítà péré, kí òun lè fi fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Aṣọ òkú tó kéré, nítorí pé òkú ń sanra! Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó lọ tán ni mo ké.

Ọ̀la ni ọjọ́ ọjà Pobẹ̀. Mo fẹ́ bi yín pé kí n lọ ra aṣọ náà ni, àbí kí n wọ tàsí lọ sí Sakété lọ jẹ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ ni mo fura sí ara mi. Kí ìdáhùn yín tó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti kọjá. Ó jọ pé ìdí tí mo fi fẹ́ bi yín nìyẹn. Mo ṣọ́ dókítà, mo ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò ṣọ́ ara mi.

Torí náà mo da ìwé yìí kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ni ẹ ń kà yìí. Èkejì wà nínú ọ̀rá dúdú, lórí aṣọ funfun náà. Mò ń gbé e lọ fún un lọ́la. Ẹnu mi kò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló máa bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" Ibi tí mo ti fẹ́ ìmọ̀ràn yín ni ohun tó máa tẹ̀lé e. Bó bá lé mi, kí n máa padà lọ bẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ẹsipéráǹsì ńkọ́? Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ fún un nílé ọkọ rẹ̀, àbí n ó tún da ilé kan rú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú mi jù. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi.

Dúró, bí o bá ti kà á dé ibí, mi ò ra aṣọ náà. Lọ gba oògùn rẹ. Iye ọdún tó kù, dókítà kò mọ̀ ọ́n, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n rí. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́. Má kánjú. Ọjọ́ wà níwájú rẹ tí o máa fi bínú.